Kẹ̀kẹ́ Òwú Àwẹ̀ró àti Ẹ̀rọ Baba Ọnà

Àwẹ̀ró kò wọ àtíbàbà iṣẹ́ ilé ọkọ rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí agbo ilé Ọnàfọwọ́kàn, ogún ọdún gbáko, ibi ìtì igi tó dábùú ẹnu àtíbàbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mọ. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá fún àwọn ọkùnrin, orí ìtì ni yóò gbé e lé. Bí ó bá fẹ́ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ̀yìn ìtì ni yóò ti kúnlẹ̀. Gbogbo àtíbàbà oníṣẹ́ igi ìlú náà ló ní irú ìtì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí obìnrin bá ré ìtì yẹn kọjá, gbogbo igi tó wà nínú àtíbàbà ni yóò sán. Àwọn ewúrẹ́ ilé sì ń wọ ibẹ̀ lọ sùn lọ́sàn-án, abo ló pọ̀ jù nínú wọn, igi kankan kò sán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi wọ́n?

Ìlú Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni agbo ilé náà wà, ìlú tó jẹ́ pé bí o bá sọ òkò sọ́jà, tí kò bá ba gbẹ́nàgbẹ́nà, yóò ba ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Olórí gbogbo wọn ni baba ọkọ Àwẹ̀ró, Ọnàfọwọ́kàn fúnra rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Baba Ọnà. Òun ló ń gbé àáké eléèkù idẹ lé èjìká, èyí tí Ọba fi ń dá olórí oníṣẹ́ igi mọ̀. Arúgbó náà mọ iṣẹ́, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá fọwọ́ pa ìtì igi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sọ ibi tí kókó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Àbùkù kan tó ní ni pé etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó bá ti mọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n tán nìyẹn.

Àáké àti ọ̀bẹ ni gbogbo ìlú fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Baba Ọnà ló rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òkèèrè kan, tó rí i tí wọ́n fi irin méjì gbá igi mú láàárín, tí igi ń yí, tí ẹni tó mú irin ìgbẹ́gi lọ́wọ́ kò ṣe ju pé kó fi ẹnu irin náà kan igi, tí igi yóò sì máa dán, tí yóò máa rí róbótó bí ọrùn omidan. Nígbà tó padà dé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó kan tirẹ̀ sínú àtíbàbà ẹ̀yìn ilé. Ó ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ó fi irin ṣónṣó kọ̀ọ̀kan sí wọn láyà. Ó wé okùn awọ mọ́ igi tó wà láàárín. Ìdí okùn náà wà lára pákó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀, orí rẹ̀ wà lára ọ̀pá gígùn kan tó tẹ̀ lókè bí ọrun ọdẹ. Bí Ọnàwùmí, ọmọ rẹ̀ tí í ṣe ọkọ Àwẹ̀ró, bá tẹ pákó, igi a yí síwájú. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ọ̀pá òkè a fa okùn padà, igi náà a sì yí sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìyígi ni wọ́n ń pè é. Inú Baba Ọnà dùn sí i bí ẹni tó bímọ ní ọjọ́ ogbó.

Ikán ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Wọ́n jẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ààfin títí ó fi wó. Ọba ránṣẹ́ pe gbogbo oníṣẹ́ igi, ó ní òun fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun, òun sì fẹ́ ogójì òpó kéékèèké níwájú rẹ̀, tí wọ́n ga dé ìbàdí, tí wọ́n rí róbótó, tí wọ́n dọ́gba bí eyín ìyarun. Ẹ̀yìn wọn lòun yóò jókòó sí lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu láti gba ìkíni ìlú. Oṣù méjì péré ló sì kù kí ọdún kò.

Ògúnjìnmí ló kọ́kọ́ fèsì. Òun ló tẹ̀ lé Baba Ọnà nínú ipò, ó ní ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní ẹnu ju ọwọ́ lọ. Ó ní bí gbogbo àwọn bá kó àáké bo iṣẹ́ náà, ọdún kan ni yóò gbà, kí Kábíyèsí má bínú. Òótọ́ ló sọ. Ká ní Baba Ọnà dákẹ́, kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó ní òun nìkan yóò ṣe é, yóò sì pé kí ọjọ́ tó pé.

Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín. "Àbí Baba ti rí igi tó ń gbẹ́ ara rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú káàfin. Ọ̀rọ̀ náà sì gún arúgbó náà dé egungun.

Wàyí o, àṣà kan wà ní Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí níwájú Ọba, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi yan ìyà tí yóò jẹ bí ìlérí náà bá yẹ̀. Ọba kì í yàn án fún un, kí ó má baà rí ẹni bínú sí. Àwọn tó gbọ́n a máa yan ewúrẹ́ kan, tàbí kí wọ́n ní àwọn yóò roko ààfin fún ọjọ́ mẹ́ta. Baba Ọnà kò yan ewúrẹ́.

"Kábíyèsí," ó ní, "bí ọjọ́ bá pé tí ogójì òpó kò pé, kí ẹ gba àáké idẹ lọ́wọ́ mi, kí tọmọdé tàgbà ìlú yìí sì máa pè mí ní wèrè títí n ó fi wọlẹ̀."

Orúkọ tí wọ́n bá sọ èèyàn láàfin kì í bọ́ lára. Ọkùnrin kan wà tó yan "Ọ̀lẹ" fún ara rẹ̀ ní ayé baba Ọba, ó ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ọmọ ilé Ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jí lọ sóko ṣáájú àkùkọ. Nígbà tí ìròyìn náà dé ilé, Àwẹ̀ró jókòó, ó ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn. Mẹ́rin ni wọ́n, Fọlárìn ni àkọ́bí. Ọmọ ilé Wèrè mẹ́rin. Ta ni yóò fẹ́ wọn? Ta ni yóò fọmọ fún wọn?

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi ìṣin tó kọjú sí àtíbàbà ni Àwẹ̀ró máa ń jókòó sí ran òwú. Ọ̀jáfáfá ni nídìí òwú, àwọn ahunṣọ ń wá láti ìlú mẹ́ta wá rà á, nítorí pé kì í já, kì í sì í ní kókó. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ń wo àtíbàbà. Kẹ̀kẹ́ òwú kì í ṣe nǹkan bàbàrà: igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó gùn bí ìka méjì tí a so pọ̀, pẹ̀lú ìṣù amọ̀ kékeré tó gbẹ nídìí rẹ̀. Ìka lo fi ń ta á, yóò sì máa yí fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀, òwú yóò máa lọ́ pọ̀.

Ohun tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀rọ náà ń fi ìdajì ayé rẹ̀ ṣòfò. Bí igi bá yí síwájú, irin jẹ ẹ́. Bó bá yí padà, Baba Ọnà ní láti yọ irin kúrò, kó dúró, kó tún fi kàn án. Kíkàn yíyọ, kíkàn yíyọ, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ìgbà tí irin bá tún kan igi ló ń já a jẹ díẹ̀. Nígbà tí oṣù kan pé, òpó mẹ́sàn-án péré ló wà nílẹ̀, Ọnàwùmí sì ti ń fẹsẹ̀ wọ́ bí ẹni tí eegun rẹ̀ yẹ̀.

Baba Ọnà kò sì jókòó lásán. Ojoojúmọ́ ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń ru ìtì igi láti kékeré, ọ̀tá rẹ̀ ni ohun tó wúwo. Ó gbà pé ohun tó bá fúyẹ́ ló ń yára. Ó fá pákó ìtẹ̀sẹ̀ títí ó fi rí pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀. Ó pààrọ̀ okùn sí èyí tó tín-ín-rín, ó já. Ó so òmíràn, ó já. Bí gbogbo ìfúyẹ́ yìí kò ti ṣiṣẹ́, ó yí padà sí agbára. Ó ní ọ̀pá òkè ni kò le tó.

Àwẹ̀ró kò lè pa á mọ́ra mọ́. Lọ́jọ́ kan tó gbé ẹ̀kọ lé wọn lórí ìtì, kò dìde. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan.

"Baba, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yín kò ní ìdí."

Àwọn ọkùnrin tó wà ńbẹ̀ wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo amọ̀ tó wà nídìí rẹ̀, pé ìwúwo yẹn ni kì í jẹ́ kó gbàgbé pé òun ń yí. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Baba Ọnà fi gbọ́wọ́ sókè. Kò bínú, ìyẹn ló tún dun Àwẹ̀ró jù. Ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú láná sọ̀rọ̀ ló fi dá a lóhùn.

"Ìyàwó wa, ọgbọ́n òwú nìyẹn. Igi kì í ṣe òwú. Lọ ran tìrẹ."

Ọnàwùmí kò gbójú sókè. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ náà tó ń wá omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ rẹ̀, Àwẹ̀ró gbé omi fún un, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tì í: "Baba Fọlárìn, ewúrẹ́ ń wọ àtíbàbà yẹn. Ohùn tèmi nìkan ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́." Ọnàwùmí ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó ní kí ó fi sùúrù ṣe é. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ọdún pé nígbà tí Baba Ọnà gbé ọ̀pá tuntun sókè. Odindi igi àyán ni, ó nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. Ẹnì kan kò lè tẹ pákó rẹ̀ wálẹ̀, ó di dandan kí Ọnàwùmí àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ gùn ún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, igi yí fìrì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ọ̀pá náà dún bí ìbọn, ó ṣẹ́ sí méjì, èyí tó já bọ́ gbá fìlà kúrò lórí Baba Ọnà, ó sì fọ́ òpó kẹwàá tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yángá. Ká ní ó fi ìka méjì sún sẹ́yìn ni, òkú la à bá máa sìn.

Ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn. Kí oòrùn tó wọ̀, Ògúnjìnmí ti dé, ó ní òun wá kí Baba kú ewu. Ó kí i dáadáa, ó kí i tinú-tẹ̀yìn. Bí ó ti fẹ́ máa lọ, ó gbé àáké idẹ níbi tí wọ́n fi ti ògiri, ó fọwọ́ di èèkù rẹ̀ mú, ó ní, "Mo kàn ní kí n wò ó bóyá yóò bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu ni." Ó gbé e padà pẹ̀lẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìró kankan nínú àtíbàbà. Ní ìrọ̀lẹ́, Baba Ọnà jáde, ó wá jókòó sórí gbòǹgbò igi ìṣin. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, ó sì padà sẹ́nu òwú rẹ̀. Ó ti sọ tirẹ̀, wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín. Ó ta kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Arúgbó náà ń wò ó. Ó wò ó títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀ wálẹ̀.

"Tún un ta," ó ní.

Àwẹ̀ró tún un ta.

"Yọ amọ̀ ìdí rẹ̀ kúrò."

Ó yọ amọ̀, ó ta igi náà lásán. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú. Baba Ọnà fúnra rẹ̀ mú amọ̀ náà, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo kókó inú igi. Ó dá a padà sídìí kẹ̀kẹ́, ó fi ìka ara rẹ̀ ta á.

"Kí lo sọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ní ẹ̀rọ yín kò ní ìdí, Baba."

"Níbo ló yẹ kí ìdí náà wà?"

Àwẹ̀ró gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí itan. "Ẹ̀yìn ìtì ni mo máa ń wà, Baba. Ọwọ́ mi kò lè nà débẹ̀ láti ibí."

Baba Ọnà wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́nu àtíbàbà, ó bẹ̀rẹ̀, arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ìtì náà kúrò lójú ọ̀nà. Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé ìkejì. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀. Igi kankan kò sán.

Ó wá fi ọwọ́ hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n gé pẹlẹbẹ igi róbótó láti ìdí ìrókò, kó fẹ̀ tó ẹnu odó ìgúnyán méjì, kí wọ́n dá ihò sí i láàárín, kí alágbẹ̀dẹ kan àfọ́kù irin mọ́ etí rẹ̀ yí ká kó lè wúwo. Kí pẹlẹbẹ náà máa yí níbi tirẹ̀, kí okùn awọ sì ti ara rẹ̀ lọ máa yí igi tí wọ́n ń gbẹ́. Bó bá ti gbéra, kò ní í fẹ́ dúró. Kí ló wá kù tí ọ̀pá òkè ń ṣe? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Baba Ọnà tirẹ̀ náà jí. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní bí irin tó gba àárín pẹlẹbẹ náà bá tẹ̀ bí igunpá, pákó ìtẹ̀sẹ̀ lè máa fà á yí po láìpadà sẹ́yìn láé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ọnàwùmí ló kàn ń wò wọ́n, bí ẹni tó ṣì ilé wọ̀. Àṣẹ́kù ọ̀pá àyán náà ni Àwẹ̀ró kó, ó fi dáná ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tò ó tán. Ọnàwùmí gun pákó. Pẹlẹbẹ ìrókò yí, ó yára, ó tún yára sí i, gbogbo àtíbàbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òpó ń mì, irin ń fò kúrò lára igi, alángbá méjì já bọ́ láti orí òrùlé. Ọnàwùmí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará ilé tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ògiri láti àárọ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀: wọ́n ní àwọn mọ̀, obìnrin ti wọ ibi tí kì í wọ̀. Ojú Baba Ọnà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún. Òpó mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù tí wọn kò tíì gbẹ́.

Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí amọ̀ rẹ̀ bá wúwo lápá kan, gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n. Ọmọdé tó ń kọ́ òwú ríran mọ ìyẹn. Ó ní kí wọ́n tú okùn kúrò, kí wọ́n yí pẹlẹbẹ náà jẹ́jẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó dúró fúnra rẹ̀. Ó dúró. Àwẹ̀ró fi ẹfun sàmì sí ibi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n tún un yí. Ojú ẹfun tún padà sísàlẹ̀. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ẹfun náà ló tún lọ bá ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù.

"Ibẹ̀ ló ti sanra, Baba. Ibẹ̀ ni kí ẹ fá."

Baba Ọnà mú ọ̀bẹ, ó fá díẹ̀. Wọ́n yí i, ó tún padà síbẹ̀. Ó tún fá a. Wọ́n ṣe báyìí fún ọjọ́ kan gbáko, yíyí àti fífá, fífá àti yíyí, títí ó fi di pé pẹlẹbẹ náà ń dúró síbi tó bá wù ú, ojú ẹfun lè wà lókè, ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kàn án mọ́. Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ igbá òrí, ó fi pa gbogbo ibi tí irin ti ń pàdé igi. Ó ní ó tó.

Ọnàwùmí fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó. Kò sí gbígbọ̀n. Kò sí síwá-sẹ́yìn. Pẹlẹbẹ ìrókò yí, ó sì ń kùn bí ilé oyin. Ọnàwùmí gbé ẹsẹ̀ kúrò láti wò ó: ẹ̀rọ kò dúró. Baba Ọnà fi irin kan igi, kò sì yọ ọ́ mọ́. Èérún igi ń jáde gbọọrọ gbọọrọ lẹ́nu irin náà, ó ń lọ́ wálẹ̀ bí òwú. Arúgbó náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, òpó méjì ti délẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ń gbẹ́ mẹ́ta lóòjọ́. Àwẹ̀ró ta òwú kan, ó ta kókó sí i ní ibi tí ọrùn, ikùn àti ìdí òpó gbọdọ̀ dé. Òpó tí kò bá bá kókó mu, ó ní kí wọ́n gbé e padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Baba Ọnà kò bá a jiyàn.

Ọjọ́ pé. Ìlú kún ààfin títí wọ́n fi ń gun orí ògiri. Ògúnjìnmí wá pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí yóò gba àáké idẹ kò yẹ kó wọ àkísà. Àwọn èwe kan ti kọ́ orin wèrè tó jẹ́ ti ọjọ́ náà, wọ́n ń kùn ún sábẹ́ imú. Ọ̀ràn Ọba ni, ẹni tó ń ṣe àríyànjiyàn ni wọ́n ní kó kà á, kí ó má baà sí àwáwí. Ògúnjìnmí ka òpó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pé ogójì. Ó tún un kà láti ìdí wá. Ó pé ogójì. Wọ́n fún un ní òwú oníkókó, ó wọn àkọ́kọ́, ó wọn ìkẹwàá, ó wọn èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Kókó ń bọ́ síbi tí kókó ń bọ́ sí.

Orin kú lẹ́nu àwọn èwe. Ṣùgbọ́n Ògúnjìnmí kò tíì tán.

"Kábíyèsí," ó ní, "òpó pé, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé ìyàwó ilé ló tún ẹ̀rọ náà ṣe. Àgbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ òwú kọ́ níṣẹ́ baba tó bí i, ẹ jọ̀ọ́, kí là ń pè é?"

Ọba yíjú sí Baba Ọnà, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àwọn ará ilé ti bẹ arúgbó yìí pé kó sọ pé ojú oorun lòun ti rí i, pé baba òun tó kú ló fi hàn òun. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ó mọ̀ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú lábẹ́ ìborùn, ó ń retí irọ́ náà.

Baba Ọnà ṣí fìlà. "Àwẹ̀ró," ó ní, "jáde wá síbí."

Ó jáde. Baba Ọnà gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta á sórí ilẹ̀ dídán iwájú Ọba, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa yí. Gbogbo ààfin ń wo igi kékeré náà.

"Ògúnjìnmí, òótọ́ lo sọ," ó ní. "Obìnrin yìí ló kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní kó lọ ran òwú. Ọjọ́ tí mo ní kó lọ ran òwú ni mo ya wèrè, Kábíyèsí, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀. Ọjọ́ tí mo yí ìtì kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un ni ara mi yá. Bí ẹ bá rí àgbà kan níwájú yín lónìí tí ẹ kò lè pè ní wèrè, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ló fà á. Tèmi nìkan kò tó o."

Kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí. Ọba ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ààfin sì gbà á, ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀sín. Ọba ní kí àáké idẹ máa wà ní èjìká ẹni tó ni ín. Ó wá bi Àwẹ̀ró pé kí ni kí òun fi ta á lọ́rẹ. Àwẹ̀ró kò béèrè aṣọ, kò béèrè ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní ìtì tó dábùú ẹnu àtíbàbà àwọn ni kí wọ́n fún òun.

Wọ́n fún un. Orí ẹ̀rọ náà gan-an ni Baba Ọnà gbé e lé. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin róbótó róbótó láti ara rẹ̀, ó fi kan ìjókòó, ó sì gbé ìjókòó náà sáàárín àtíbàbà. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń jókòó sí ran òwú títí ó fi darúgbó, tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀rọ, tó ń sọ fún wọn bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọdún ìjẹṣu tí Ògúnjìnmí wá síbẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu àtíbàbà. Ó kí Àwẹ̀ró kú iṣẹ́, ó kí i kú ìjókòó. Ó ní òun náà kan ẹ̀rọ kan sí ẹ̀yìn ilé òun, ó ní ó ń gbọ̀n, ó sì ń já okùn, bóyá Ìyá Fọlárìn yóò lè fẹsẹ̀ kan débẹ̀.

Àwẹ̀ró ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó yí dáadáa kó tó dáhùn. "Ṣé ìtì ṣì wà lẹ́nu àtíbàbà tiyín?"

"Mo ti gbé e kúrò láàárọ̀ yìí," ni Ògúnjìnmí wí.

Ó dìde, ó bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ nìyẹn, tí àwọn àgbà fi mú un lówe títí di òní, tí wọ́n ń wí pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.